Ìwé Ẹ̀rí Nìkan Kọ́ Ni Iṣẹ́

Nígbàkúùgbà tí ètò ìrónilágbára bá parí, ohun kan náà la máa ń gbọ́: iye ọ̀dọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, iye ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n pín. A ó pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ohun tí a kì í béèrè ni pé: ta ló ríṣẹ́ tí kì bá tí rí i láìsí ètò náà?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí mẹ́fà nínú ọ̀dọ́ mẹ́wàá bá níṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún kan, ó lè jẹ́ pé márùn-ún nínú wọn ì bá ríṣẹ́ fúnra wọn. Ẹni tó tètè gba fọ́ọ̀mù lè jẹ́ aláápọn, tàbí ẹni tó ní èèyàn lókè. Tí a bá fi í wé ẹni tó jókòó sílé, ìwọ̀n wa ti wọ́ nìyẹn.

Gègé ló ń tún un ṣe, wọ́n sì ti lò ó ní Nàìjíríà rí. Lọ́dún 2011, nígbà ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan, nǹkan bí 24,000 ọ̀dọ́ kọ̀wé béèrè owó òwò nínú ètò YouWiN!; 1,200 ló yege. Àwọn tó ta yọ jù lọ wọlé tààrà. Láàárín 1,841 mìíràn tó kúnjú òṣùwọ̀n, wọ́n ṣẹ́ gègé, ó sì mú àwọn tó lé ní 700. Nǹkan bí 50,000 dọ́là ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé wádìí àwọn tí gègé mú àti àwọn tí kò mú fún ọdún bíi mélòó kan. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Nínú 100 tí gègé mú, àwọn tí òwò wọn ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi èèyàn tó lé ní 20 ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Nígbà tó jẹ́ pé gègé ló yà wọ́n, a mọ̀ pé owó náà ló fa ìyàtọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ètò ló ń yọrí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa wọ̀n wọ́n. A rọ ìjọba ìpínlẹ̀ wa: bí àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n bá pọ̀ ju àyè lọ, ẹ ṣẹ́ gègé ní gbangba. Ẹ tọ́jú orúkọ àwọn tí kò mú, kí ẹ sì padà wá ẹgbẹ́ méjèèjì lọ lẹ́yìn ọdún méjì. Owó gbogbo wa ni.