Igi wo ni kí a gbìn síbi tí oòrùn ọ̀sán nìkan ń dé?

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ilé tí ó fara ti àpáta kò ṣọ̀wọ́n. Bí àpáta tàbí ògiri gíga bá wà ní ìhà ìlà-oòrùn àgbàlá, òjìji ni yóò bo ibẹ̀ láti òwúrọ̀. Ìgbà tí ọ̀sán bá pọ́n ni oòrùn tó máa dé ibẹ̀. Àwọn kan lérò pé igi tí ó fẹ́ òjìji ló yẹ irú ààyè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdajì ọjọ́ péré ni oòrùn fi ń ràn níbẹ̀. Èrò yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ igi tí a fi owó rà.

Oòrùn òwúrọ̀ kì í le, nítorí ilẹ̀ ṣì tutù. Láàárín aago 2 sí aago 4 ọ̀sán ni ooru ń mú jù lọ. Àpáta àti ògiri a gba ooru náà sára, wọn a sì máa tú u jáde títí di alẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a tún fa omi ara ewé gbẹ. Nítorí náà, òdòdó tí ó ń gbilẹ̀ ní Kùtọ̀nú, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń mú ọ̀rinrin wá, lè kú mọ́ wa lọ́wọ́ níhìn-ín.

Ewúro ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ. Ó fẹ́ràn oòrùn. Bí a ti ń gé e ni ó ń rúwé, ewé ọbẹ̀ kò sì ní wọ́n nílé. Làálì náà kò bẹ̀rù ooru. Bí a bá gbìn ín sún mọ́ra, ó ń di ọgbà, ewé rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin fi ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ ìyàwó. Làpálàpá ń fara da ọ̀dá, ẹran kì í sì í jẹ ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni èso rẹ̀: kí ilé tí ó ní ọmọ kékeré yẹra fún un. Ní ti pèrègún, abẹ́ igi ńlá ló sàn fún un, nítorí oòrùn ọ̀sán tí ó le a máa jó ewé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ tó gbìn, kí gbòǹgbò lè rinlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Ẹ fi nǹkan bíi mítà 1 jìnnà sí ògiri, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí igi, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní òwúrọ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó ra igi kankan, ẹ fi ọjọ́ kan ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ kọ aago tí oòrùn dé àti aago tí ó kúrò sínú ìwé. Ìlà méjì péré ni, ṣùgbọ́n yóò gba owó yín lọ́wọ́ òfò.