Àmì Ohùn Lórí Orúkọ Ilẹ̀ Ṣáínà: Ìṣòro Tí Ìwé Àròsọ Matilda Asensi Gbé Ka Iwájú Olùtumọ̀ Yorùbá

Ní ọdún 2006 ni Matilda Asensi, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, gbé ìwé àròsọ kan jáde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Todo bajo el cielo. Ọdún 1923 ni ìtàn inú rẹ̀ wáyé. Elvira, obìnrin ayàwòrán tó ń gbé ní Paris, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Shanghai nítorí pé wọ́n pa ọkọ rẹ̀ síbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé nǹkan kan ni àwọn apànìyàn náà ń wá nínú ilé, àti pé nǹkan ọ̀hún lè júwe ọ̀nà ibojì ọba àkọ́kọ́ tó jẹ lórí gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà. Láti ibẹ̀ ni ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀tá lẹ́yìn wọn.

Àpilẹ̀kọ yìí kò ní ṣe lámèyítọ́ ìtàn náà. Ìbéèrè kékeré kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò: bí ẹnì kan bá fẹ́ tú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí èdè Yorùbá, báwo ni yóò ṣe kọ orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú tó kún inú rẹ̀? Èrò wa ni pé àmì ohùn tí wọ́n ń lò fún èdè Ṣáínà jọ tiwa débi pé yóò tan òǹkàwé Yorùbá jẹ, àti pé kí a dà á kọ bó ṣe wà ló burú jù nínú gbogbo ọ̀nà tó wà nílẹ̀.

Ibojì tí wọ́n ń wá kì í ṣe àròsọ. Ọmọ ọdún 13 ni Qin Shi Huang nígbà tó jọba ìlú Qin ní ọdún 246 kí a tó bí Jésù. Nígbà tó fi máa di ọdún 221, ó ti ṣẹ́gun gbogbo ìjọba tó kù. Ó sì kú ní ọdún 210. Sima Qian, òpìtàn tó kọ̀wé ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ikú ọba, sọ pé wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe odò sínú ibojì náà, wọ́n dẹ ọfà de olè, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tó mọ àṣírí ibẹ̀ sínú. Ní ọdún 1974, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga nítòsí ìlú Xi'an ṣàdédé kan ère ọmọ ogun tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ibojì gan-an ni wọn kò tíì ṣí títí di òní, ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ erùpẹ̀ orí òkìtì náà wò, wọ́n sì rí i pé mẹ́kúrì inú rẹ̀ pọ̀. Elvira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ ìkankan nínú èyí ní ọdún 1923, àǹfààní ńlá sì ni fún ẹni tó ń sọ ìtàn. Ọ̀rọ̀ àwọn àtijọ́ àti orúkọ ibi ni ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Bí olùtumọ̀ bá wá ṣi orúkọ kọ, ọ̀nà ibojì ló ṣì júwe yẹn.

Kí a tó dé orí ohùn, ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba lẹ́tà. Akẹ́kọ̀ọ́ Porto-Novo tó bá ṣí ìwé Faransé àtijọ́ kò ní rí Qin níbẹ̀. Ts'in ni yóò rí. Édouard Chavannes, tó tú apá kan iṣẹ́ Sima Qian sí Faransé láàárín 1895 sí 1905, kọ orúkọ òpìtàn náà ní Se-ma Ts'ien. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà ń kọ ọ́ ní Ssu-ma Ch'ien. Ọdún 1958 ni ìjọba Ṣáínà tó fi òǹtẹ̀ lu àkọtọ́ pinyin, èyí tí a ń rí káàkiri báyìí. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé ìjọba mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Ts'in, Ch'in àti Qin.

Lẹ́tà rọrùn láti tún ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ohùn. Èdè olóhùn ni Mandarin bíi ti Yorùbá, ohùn mẹ́rin ló sì ní, láìka àwọn sílébù fúyẹ́ tí kò ní ohùn tara wọn. Nínú pinyin, àmì tó wà lórí á kì í ṣe ti ohùn òkè. Ohùn tó ń gun òkè ló dúró fún, èyí tí àwa ń pè ní eléyọ̀ọ́ròkè. Àmì orí à kì í ṣe ti ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn tó já láti òkè bọ́ sílẹ̀ ni, ìyẹn eléyọ̀ọ́rodò. Ìlà gbọọrọ orí ā ni ti ohùn òkè, bẹ́ẹ̀ ohùn àárín ni àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá máa ń fi irú ìlà yẹn hàn nígbà tí wọn kò bá fẹ́ fi sílébù kan sílẹ̀ láìní àmì. Ó wá ku ǎ. Ẹni tó bá ti ka àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ yóò rántí pé eléyọ̀ọ́ròkè ni wọ́n fi ń kọ. Ní Ṣáínà, ohùn ìsàlẹ̀ ni, tó máa ń gbéra díẹ̀ bó bá bọ́ sí ìparí ọ̀rọ̀. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la mọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la óò sì ṣì kà. Ọmọ Faransé tí kò ní ohùn lédè rẹ̀ yóò kàn fò wọ́n kọjá ni. Àwa la mọ àmì kà, àwa náà ni yóò tàn jẹ.

Bí a bá wá ní kí a yọ àmì kúrò pátápátá ńkọ́? Ìpínlẹ̀ tí ibojì ọba wà ń jẹ́ Shǎnxī. Ìpínlẹ̀ tó múlé tì í níhà ìlà oòrùn, tí Odò Yẹ́lò pààlà láàárín wọn, ń jẹ́ Shānxī. Ohùn sílébù àkọ́kọ́ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìṣòro yìí yọ àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ méjèèjì láìfi àmì sí i, ni wọ́n bá so fáwẹ̀lì ti àkọ́kọ́ di méjì: Shaanxi. Bákan náà ni ti àwọn ìdílé ọba. Jìn jọba láàárín ọdún 266 sí 420, Jīn láàárín 1115 sí 1234. Bí a bá yọ àmì, ìdílé ọba méjì di ọ̀kan.

Ohun tí a dábàá ni pé kí olùtumọ̀ fi etí gbọ́ orúkọ, kí ó sì fi ohùn Yorùbá kọ ọ́. Ohùn kìíní di ohùn òkè wa; ohùn kẹta di ohùn ìsàlẹ̀. Fún ohùn kejì àti ìkẹrin, kí a pe fáwẹ̀lì ní ẹ̀ẹ̀mejì: ìsàlẹ̀ sí òkè fún ìkejì, òkè sí ìsàlẹ̀ fún ìkẹrin. Shǎnxī yóò jẹ́ Ṣànṣí, Shānxī yóò jẹ́ Ṣánṣí. Ó ṣe rẹ́gí, nítorí níwájú ohùn òkè bí irú èyí, ohùn kẹta kì í gbéra rárá. Jìn di Jíìn, Jīn sì di Jín.

Kọ́ńsónáǹtì kò ní gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Q, x, ch àti sh, ṣ ni gbogbo wọn yóò yà sí lẹ́nu wa, bí a ti ń wí tíṣà àti Ṣáínà. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ohùn túbọ̀ ṣe pàtàkì: Qín di Ṣìín, Xīn, ìdílé tó jọba láàárín ọdún 9 sí 23 lẹ́yìn ìbí Jésù, di Ṣín. Kọ́ńsónáǹtì wọn ti di ọ̀kan, ohùn ló ń dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ibi tó pin sí. Qīng, ìdílé tó jọba gbẹ̀yìn tí oyè rẹ̀ parí ní 1912, yóò di Ṣín pẹ̀lú, nítorí pé fáwẹ̀lì àránmúpè kan ṣoṣo ni a ní fún in àti ing. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní láti ní pinyin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tó bá jáde, tàbí kí a to gbogbo wọn sẹ́yìn ìwé.

Ìṣòro kan tún wà tó kan àwa ará Benin ju àwọn ará Nàìjíríà lọ. Àkọtọ́ tiwa ń lo sh níbi tí tiwọn ń lo ṣ, bó ti ń lo ɛ, ɔ àti kp. Nítorí náà, Ṣànṣí yóò di Shànshí ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, yóò sì jọ pinyin lójú ẹni tó bá rí i. Òǹkàwé kò ní mọ èwo nínú àmì méjèèjì ni òun ń kà. Àfi kí olùtumọ̀ kéde àkọtọ́ rẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́. (Ọba tí à ń sọ yìí ló pàṣẹ pé ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo ni kí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ máa lò, olóyè rẹ̀ Lǐ Sī ló sì bójú tó o. Àwọn tó ń sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ń ka ìwé kan náà. Àwa ń sọ èdè kan náà, a sì ń fi àkọtọ́ méjì kọ ọ́.)

Ó ku àkọlé ìwé. Todo bajo el cielo fara pẹ́ ọ̀rọ̀ Ṣáínà náà tiānxià, tí a lè kọ ní Tíẹ́nṣíà: tiān ni ojú ọ̀run, xià ni ìsàlẹ̀. Ọ̀run ló ṣáájú, abẹ́ ló tẹ̀ lé e, òdìkejì bí Yorùbá ti ń tò ó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ tí àṣẹ ọba dé, nítorí náà kò burú bí ẹnì kan bá pe ìwé náà ní Ayé. Àwọn mìíràn lè fẹ́ sánmọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ibùgbé àwọn òkú ni à ń sọ. Gbogbo Abẹ́ Ọ̀run ni àwa fara mọ́. Ìtàn àwọn tó ń wá ibojì ni, kò sì sí ohun tó burú bí àkọlé rẹ̀ bá rán òǹkàwé létí àwọn ará ọ̀run.