Kí Ni Èrè Ẹni Tó Ń Kọ́lé Nínú Géèmù?

Ní gbogbo ọjọ́ keje nínú géèmù 7 Days to Die, bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, ojú ọ̀run á pọ́n, àwọn òkú tó ń rìn á sì ya bo ilé ẹni tó ń gbá géèmù náà títí di aago mẹ́rin ìdájí. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Ògiri ni wọ́n ń wó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fi ọjọ́ mẹ́fà tó ṣáájú ṣe iṣẹ́ ilé: wọ́n á fi pákó gbé ògiri dúró, wọ́n á sọ pákó di òkúta, òkúta á di kọnkéré, kọnkéré á di irin. Bí búlọ́ọ̀kù kan bá ti kúrò ní ipele kan bọ́ sí èyí tó le jù ú lọ, nọ́ńbà kékeré á yọ lójú kọ̀ǹpútà: máàkì ìrírí ti wọlé fún ẹni tó ń kọ́lé.

Ilé-iṣẹ́ The Fun Pimps, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló ṣe géèmù yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 láìtíì parí, oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n sì tó gbé ẹ̀dà 1.0 jáde. Láàárín àkókò yẹn, wọ́n yí ọ̀nà tí máàkì ìrírí àti ìmọ̀ iṣẹ́ ń gbà wọlé padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò yani lẹ́nu, nítorí ìṣirò kékeré yìí ló ń pinnu ohun tí ẹni tó jókòó ti géèmù yóò fi gbogbo alẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹni tí kì í gbá géèmù nílò àlàyé díẹ̀ níbí. Irú géèmù yìí máa ń já èèyàn sínú igbó tàbí sí erékùṣù lọ́wọ́ òfo. Fúnra rẹ̀ ni yóò ṣẹ́ igi, tí yóò ṣa òkúta, tí yóò ṣe àáké, tí yóò wá oúnjẹ, kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ ọn lórí. Máàkì ìrírí ni géèmù fi ń ka gbogbo làálàá yìí. Bó bá pé iye kan, ẹni náà á gun ipele kan, ipele tuntun á sì ṣí nǹkan sílẹ̀ fún un: bóyá okun láti gbé ẹrù púpọ̀ sí i, bóyá ìmọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe irinṣẹ́ tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú Palworld, tí ilé-iṣẹ́ Pocketpair ti ìlú Tokyo gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìmọ̀ gan-an ni wọ́n ń rà pẹ̀lú ohun tí ipele kọ̀ọ̀kan bá mú wá, láti orí ibùsùn dé orí ìbọn. Ẹni tó mú ẹranko níbẹ̀ gba máàkì, ẹni tó ṣe irinṣẹ́ gbà, ẹni tó kọ́lé náà gbà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eré orí tábìlì kan, Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ló sọ máàkì ìrírí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó pa ẹranko abàmì, tàbí tó rí ìṣúra gbé jáde láti inú ihò, ni ìrírí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Jagunjagun ni wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn wọn jogún àṣà yìí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó béèrè pé mọlémọlé ńkọ́?

Minecraft pàápàá, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ilé kíkọ́ ló ń wá síni lọ́kàn, kì í fún mọlémọlé ní máàkì kankan nítorí búlọ́ọ̀kù tó tò. Markus Persson, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló gbé e síta fún aráyé ní ọdún 2009. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, ẹ̀dà tí wọ́n ti tà ti ju mílíọ̀nù 300 lọ. Ẹni tó wa èédú tàbí dáyámọ́ńdì gba máàkì. Ẹni tó yọ́ irin nínú iléru gbà. Ẹni tó pẹja, tó sin màlúù, tó bá ará abúlé ṣòwò, gbogbo wọn ló gbà. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ ààfin kò rí nǹkan kan gbà nítorí ààfin náà. Ibi tí iṣẹ́ ilé àti máàkì ti sún mọ́ra ni yàrá oògùn: tábìlì tí wọ́n ti ń ki oògùn bọ irinṣẹ́ nílò àpótí ìwé 15 yí i ká kó tó lè ṣe oògùn ipele 30, tó ga ju gbogbo ìyókù lọ.

Síbẹ̀, ààfin ni àwọn èèyàn ń kọ́ nínú Minecraft láti ọdún yìí wá. Ìwádìí kan tí Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett tẹ̀ jáde ní ọdún 1973 lè là wá lóye. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà ni wọ́n lò. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán. Wọ́n fún àwọn kan lójijì lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Wọn ò fún àwọn ìyókù ní nǹkan kan. Nígbà tó yá, tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan gègé àwòrán bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀bùn tí wọ́n ti ń retí ti bu ìfẹ́ wọn kù. Ewu kan náà wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi máàkì ti ilé kíkọ́ lẹ́yìn: ohun tí èèyàn ń ṣe tayọ̀tayọ̀ lè di iṣẹ́ àgbàṣe mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ewu kejì hàn kedere nínú Skyrim, tí ilé-iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iye nǹkan tí alágbẹ̀dẹ bá rọ ni géèmù náà ń kà, kì í wo bí nǹkan náà ti níyì tó. Làákàyè àwọn tó ń gbá a ṣiṣẹ́ kíá. Ọ̀bẹ irin kékeré ló náni ní ohun èlò tó kéré jù, nítorí náà ọ̀bẹ ni wọ́n ń rọ, ọ̀bẹ lórí ọ̀bẹ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀bẹ tí ẹnikẹ́ni ò ní lò, títí wọ́n fi di ọ̀gá alágbẹ̀dẹ láìtíì rọ idà gidi kan. Ní ọdún 2012, Bethesda tún un ṣe: iye owó ohun tí èèyàn bá rọ ló wá ń pinnu bí ìmọ̀ rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Géèmù tó bá ń sanwó fún gbogbo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé kalẹ̀ yóò bá àṣìṣe yìí pàdé, nítorí àwọn èèyàn á máa to ògiri sínú pápá òfìfo, wọ́n á wó o, wọ́n á tún un tò.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀nà tí 7 Days to Die gbà sanwó fún sísọ ògiri di alágbára bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó fẹ́ sọ pákó di kọnkéré gbọ́dọ̀ ti wá iyanrìn, òkúta àti sìmẹ́ńtì. Ẹni tó fẹ́ dé orí irin gbọ́dọ̀ ti jìyà lẹ́nu iléru. Máàkì tó ń gbà ní ìpìlẹ̀, ògiri tó sì gbà á fún yóò wúlò lálẹ́ ọjọ́ keje.

Ọ̀nà mìíràn wà tó pọ́n iṣẹ́ ọwọ́ lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Project Zomboid, géèmù ilé-iṣẹ́ The Indie Stone ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kentucky ní ọdún 1993, kì í da gbogbo ìrírí pọ̀ sójú kan. Ìmọ̀ káfíńtà dá dúró, ti ìdáná dá dúró, ti ìjà dá dúró. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyọ ìṣó lára pákó àlòkù ni ẹni tó ń gbá a ṣe ń bẹ̀rẹ̀: yóò tú àga àti tábìlì ilé onílé, yóò la igi sí pákó, ìmọ̀ á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ ka ìwé káfíńtà tó yẹ ipele rẹ̀, kíkọ́ á yá sí i. Ìwé àkọ́kọ́ ń sọ máàkì di ìlọ́po mẹ́ta. Tẹlifíṣọ̀n pàápàá ń kọ́ni níṣẹ́ káfíńtà ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, bí iná bá ṣì wà. Ògiri tí ọ̀gbẹ̀rì kọ́ rí jákujàku, kò sì lè pẹ́ wó. Ti ẹni tó mọṣẹ́ dán, ó sì lágbára. Ìrírí hàn lára ilé fúnra rẹ̀.

RimWorld, iṣẹ́ Tynan Sylvester, le díẹ̀ sí i. Bí òye ilé kíkọ́ kò bá tó, iṣẹ́ lè bàjẹ́ kí ohun èlò sì ṣòfò. Ipele 20 ló ga jù, ṣùgbọ́n láti ipele 10 sókè, ẹni tí kò bá fọwọ́ kan iṣẹ́ á máa gbàgbé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nínú ilé kíkọ́ dáadáa ń kọ́ ọ ju ẹni tí kò kà á sí lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo wọn, Valheim ló wá ojútùú tó dára jù. Èèyàn márùn-ún péré ní ilé-iṣẹ́ Iron Gate, nílùú Skövde ní Sweden, ló gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021, mílíọ̀nù márùn-ún ẹ̀dà sì tà láàárín oṣù kan. Nígbà tó jáde, kò sí máàkì fún gbígbé igi kalẹ̀. Ohun tí géèmù ń wò ni bóyá ilé náà ṣeé gbé: ṣé iná ń jó níbẹ̀, ṣé òrùlé bo orí, ṣé àga, tábìlì, ibùsùn àti ẹní wà? Ẹni tó bá sinmi nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ á jáde pẹ̀lú okun tó ń tètè padà, gbogbo ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa fi ìdajì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé tó tuni lára díẹ̀ ń fúnni ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ irú okun yìí, ìdẹ̀ra kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì fi kún un ń fi ìṣẹ́jú kan lé e. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀tàn gbà á, torí àga mẹ́wàá kò ju àga kan tó dára jù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ èrè gbọ́dọ̀ kọ́ ilé tí èèyàn lè gbé.

Àwọn tó ń gbá géèmù wọ̀nyí lẹ́gbẹẹgbẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ sọ nínú rẹ̀. Nínú ARK: Survival Evolved, tí Studio Wildcard bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2015, àti nínú Conan Exiles, ti ilé-iṣẹ́ Funcom ní Norway, ẹni tó ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ náà jọ ń gbá géèmù lórí rẹ̀, lè pín máàkì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti pípa ẹranko, ti kíkó igi àti òkúta jọ, ti ṣíṣe nǹkan lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ju ìjà lọ lè sọ ti iṣẹ́ ọwọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí wọ́n gé ti pípa sí ìdajì, kí wọ́n tó ṣí sáfà náà fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn.