Bí Dókítà Bá Fi Oògùn Ojú Kejì Kún Ti Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, glaucoma máa ń ba iṣan tí a fi ń ríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó pọ̀ jù nínú ẹyinjú ló ń fún un. Ìríran tó bá ti lọ kì í padà mọ́.

Bí dókítà bá fi oògùn kíkán kejì kún ti àkọ́kọ́, ẹ má pa ọ̀kankan tì o. Iṣẹ́ wọn lè yàtọ̀: timolol ń dín omi tí ojú ń pèsè kù, latanoprost ń jẹ́ kí omi náà rọ́nà jáde. Ẹ kán ọ̀kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí èkejì má baà fọ ti ìṣáájú dànù. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí timolol lè dí i lẹ́mìí.

Òótọ́ ni, owó ìgò méjì kò kéré; ṣùgbọ́n ojú kì í ṣe ọjà tí a lè rà padà.