Ṣé O Mọ̀? Ọmọ Òṣoògùn Tó Sọnù fún Ọdún 25

Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí yóò mọ bí ẹni tó sọnù ṣe ń dá oorun mọ́ ènìyàn lójú. Àmọ́ ní Òṣoògùn, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, láìsí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ náà mú ọrun lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kó o? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1821, ogun wọ ìlú. Àjàyí, ọmọ nǹkan bí ọdún 13, ń sá lọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Àfàlá, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì àti ìbátan wọn kan. Inú igbó ni ọrun náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ta ọfà kan ṣoṣo. Àwọn ajagun mú wọn, okùn ni wọ́n sì fi so wọ́n lọ́rùn dé Ìsẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé bàbá wọn kò sí lára àwọn tí wọ́n kó? Ó sáré wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Wọn kò fojú kàn án mọ́. Nígbà tó yá ni Àjàyí gbọ́ pé ogun mìíràn ló pa á.

Ṣé o mọ̀ pé ẹṣin kan ló tún so ọmọ pọ̀ mọ́ ìyá? Láàárín wákàtí 24, Àjàyí ti kọjá lọ́wọ́ olówó mẹ́ta. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì dá Àjàyí padà fún olówó rẹ̀, tó mú un lọ sí ìlú Dàdá. Ibẹ̀ ló ti bá ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kékeré. Kò pẹ́, wọ́n tún tà á lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó gbà á lójú òkun tún rí i lẹ́yìn ọdún 42? Ní ọjọ́ 7 oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, mú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí tí Àjàyí wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Sàró, níbi tó ti di Samuel Ajayi Crowther. Nígbà tí wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury lọ́dún 1864, Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon, wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Àjàyí fúnra rẹ̀ ló kọ ẹ̀rí sílẹ̀? Lọ́dún 1837, ó kọ lẹ́tà tó to ìrìn àjò náà lẹ́sẹẹsẹ: ìlú tó kọjá, ọwọ́ tó bọ́ sí, ohun tí wọ́n fi rà á. Ọdún 16 kò pa á rẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó kù nínú ẹbí náà kò káwọ́ gbera? Ìyá àgbà Àjàyí kú sóko ẹrú. Àfàlá gba òmìnira, wọ́n tún jí i gbé, wọ́n tún tà á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá owó ẹyọ tó fi rà á padà.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ ni ìyá kọ́kọ́ fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ní oṣù August 1846, lẹ́yìn tí Àjàyí ti padà sílẹ̀ Yorùbá, Àfàlá wá bá ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Ara ìyá ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń pe ọmọ ní orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi kẹ́ ẹ. Lọ́dún 1848, ó ṣe ìrìbọmi, ó di Hanna, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Èkó ló kú sí lọ́dún 1883, lẹ́bàá ọmọ rẹ̀.

Olówó ló pín ẹbí yìí bí ẹrù, àmọ́ kò rí ìrántí wọn pín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ oríkì wọn, agbo ilé wọn àti orúkọ ìyá tó bí ìyá wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọnù nínú ẹbí, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, kí ẹ má sì dákẹ́ pípe orúkọ rẹ̀.