Dókítà Tí Kì Í Gúnni Lábẹ́rẹ́: Ẹ Ka Lẹ́tà Ọmọ Kí Ẹ Tó Ta Ìsọ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ni. Ọmọ á ka ìwé tán ní yunifásítì, a ti se ìrẹsì, a ti ránkùn ẹbí, a wá rò pé ó parí. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ á tún dé, á ní, "Màámi, mo fẹ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé." A ní nínú kí ni? Á ní nínú Materials Science and Engineering. Ìyá mìíràn á rò pé dókítà ilé ìwòsàn lọmọ fẹ́ dà. Ẹlòmíràn ò ní bèèrè nǹkan kan, owó ni yóò máa ronú kiri. Ibi tí ọ̀rọ̀ ò ti yé wa yìí gan-an ni owó ti máa ń sọnù. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ lédè tí gbogbo wa gbọ́.

KÍ NI WỌ́N Ń KỌ́ NÍBẸ̀?

Dókítà yìí kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Irin, amọ̀, gíláàsì, rọ́bà, ike, sìmẹ́ńtì, títí kan ohun tó wà nínú bátìrì fóònù, àwọn ni aláìsàn tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó mú kí ọ̀kan le kí èkejì rọ̀, ìdí tí èyí fi ń dípẹtà tí tọ̀hún ò dípẹtà, àti ohun tí a lè ṣe sí i kó lè dára ju bó ṣe wà lọ.

Àwa náà mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé òrí máa ń le lásìkò ọyẹ́, tí oòrùn bá sì mú, á yọ́ nínú igbá? Òrí kan náà ni, òtútù àti ooru ló yí i padà. Irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà kan ọkọ̀ ojú omi kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Liberty, ó lé ní 2,700. Àwọn kan nínú wọn ṣàdédé là, òmíràn tiẹ̀ dá sí méjì. Àwọn wẹ́dà tó jó irin pọ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Obìnrin kan ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Constance Tipper lorúkọ rẹ̀, ló fi hàn pé irin náà fúnra rẹ̀ ló ní àbùkù. Bí òtútù bá ti mú un, kì í tẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń ṣẹ́ bí àwo tánganran. Obìnrin ni o! Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọmọbìnrin yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ká tún bọ̀ sọ́dọ̀ tiwa. Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Winston Wọlé Soboyejo. Cambridge kan náà ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún 1988. Ó ṣe olùkọ́ ní Princeton ní Amẹ́ríkà, ó sì tún wá ṣe olórí African University of Science and Technology ní Abuja. Lára iṣẹ́ tí òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ni asẹ́ omi tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó, wọ́n á fi mọ ìkòkò, wọ́n á sun ún níná. Lẹ́búlẹ́bú pákó á jóná, á fi ihò kéékèèké tí ojú ò lè rí sílẹ̀. Omi á gba ibẹ̀ kọjá, kòkòrò àìsàn á há sẹ́yìn. Amọ̀ tí àwọn ìyá ńlá wa fi mọ ìkòkò náà ni o, ìmọ̀ ni wọ́n fi kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìkòkò, ẹ gbọ́ èyí náà. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ìkòkò tí wọ́n yọ́ pàǹtí alumíníọ́mù mọ ní Cameroon. Wọ́n rí i pé òjé lè jáde lára rẹ̀ sínú ohun tí a bá sè. Òjé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọpọlọ ọmọdé. Ta ló máa sọ fún àwọn tó ń yọ́ ìkòkò irú pàǹtí tó dára àti èyí tó yẹ kí wọ́n jù nù? Irú ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni.

BÍ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ ṢE RÍ

Ẹ fi wé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ á ní ọ̀gá. Á máa bá ọ̀gá ṣiṣẹ́, bó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n á ṣe fíríìdọ̀mù fún un. Oyè ọ̀mọ̀wé náà ní ọ̀gá, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Ohun tí ọ̀gá télọ̀ mọ̀ lọmọ ń kọ́. Ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ wá nǹkan tí ọ̀gá pàápàá kò tíì mọ̀. Á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, á dúró níwájú àwọn olùkọ́, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè títí wọ́n á fi gbà pé òótọ́ ni. Fíríìdọ̀mù tiwọn nìyẹn.

Kì í yá. Ní Amẹ́ríkà, bí ọdún 5 ni, ẹlòmíràn á lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 sí 4 ni. Nílé wa níbí, wọ́n lè ní ọdún 3, kí ìyanṣẹ́lódì wá gùn ún. Ẹ rántí ọdún 2022 tí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi oṣù 8 yanṣẹ́ lódì. Yàtọ̀ síyẹn, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń bà jẹ́. Ọmọ lè se irin kan nínú ààrò fún oṣù mẹ́ta, kó jáde kó má dáa, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé ọmọ ya ọ̀lẹ.

TA LÓ Ń SANWÓ?

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Másítàs lọ́tọ̀, oyè ọ̀mọ̀wé lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe másítàs lókè òkun, òun ló sábà máa ń san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n ló sábà máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á sì máa fún ọmọ lówó lóṣooṣù, nítorí pé iṣẹ́ ló ń bá wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ máa ń gba ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ nìkan, bí èsì rẹ̀ bá dáa. Ní Jámánì, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kéèyàn ní másítàs kó tó wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbowó bí òṣìṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ gbọ́dọ̀ rí sìkọ́láṣíìpù, torí ẹni tí kò bá rí i, owó ńlá ni yóò san lọ́dọọdún. Nílé níbí, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń san án, àfi bó bá jẹ́ olùkọ́ yunifásítì tí TETFund ràn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa fún yín, ìsọ̀ ìkòkò ló ní. Lọ́dún 2024, ọmọ rẹ̀ obìnrin rí ààyè oyè yìí ní Amẹ́ríkà. Kí ọmọ tó parí ọ̀rọ̀, àbúrò ọkọ ti mú ájẹ́ǹtì wá. Ájẹ́ǹtì ní kí wọ́n kó owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kìíní fún òun. Ìyá ti ń wá ẹni tó máa ra ìsọ̀, ìsọ̀ tí ìyá tiẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Èyí tó bá kù, ó ní òun á yá owó ṣógúndogójì fi kún un. Ọmọ ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Ẹ jẹ́ kí n ka lẹ́tà náà sí yín létí."

"Kà á, àmọ́ Yorùbá ni kó o fi kà á."

Ọmọ kà á. Ilé-ẹ̀kọ́ ló máa san owó ẹ̀kọ́, wọ́n á sì máa fún un lówó oúnjẹ àti owó ilé.

"Kí wá ni ájẹ́ǹtì fẹ́ fi owó mi ṣe?"

"Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bi í, mà."

Wọ́n bi í. Kò padà wá mọ́. Owó àjọ ni ìyá fi san ohun tó kù: ìwé èsì ọmọ láti yunifásítì, dọ́là 350 tí Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, dọ́là 185 ti físà, àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Kò kéré o, ó ná an dáadáa. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Torí náà, ẹ ní kí ọmọ ka lẹ́tà sí yín létí, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìwé Amẹ́ríkà kan wà tí wọ́n ń pè ní I-20, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fún ọmọ. Iye owó tí ọdún kan máa ná wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni iye tí ilé-ẹ̀kọ́ máa san àti iye tí ọmọ máa mú wá. Ẹ ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí iye náà. Bí iye tí ọmọ máa mú wá bá pọ̀, ẹ tún un rò.

Òfin físà náà kì í dúró sójú kan. Ní December 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti 1 January 2026, àwọn dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Nàìjíríà, àfi àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wádìí lọ́dọ̀ ẹ́ńbásì gan-an kó tó ná kọ́bọ̀, kó sì tún kọ̀wé sí ibòmíràn. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, olè ni.

ÌPÍN TIWA

Bí ọmọ bá lọ, ẹ má retí dọ́là lóṣù kejì. Owó tí wọ́n ń fún un, owó kí ó má kú ni. Òfin Amẹ́ríkà kò sì gbà kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ẹ má sì máa bi í lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ló máa ṣetán. Ẹ bi í pé ṣé ó jẹun, ṣé ara rẹ̀ le. Ohun tó ń wá, ẹnikẹ́ni ò tíì rí i rí.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà tó ní ká kọ́kọ́ ta ilé náà ká tó kọ́ ọmọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti gba lẹ́tà, tí kò sì yé e, kó mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. A ó ní kí àwọn ọmọ wa tó mọ̀wé kà á, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè ọmọ o, àmín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ni.