Ilé bàbá wa la fẹ́ tà: ohun tó yẹ kí olùrà àti olùtà wò kí owó tó jáde

Ọ̀rọ̀ ilé rírà àti ilé títà la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ilé tuntun tí ẹnì kan fi owó ara rẹ̀ kọ́ o. Ilé ìdílé ni, èyí tí bàbá kọ́, tó kú fi sílẹ̀, tí àwọn ọmọ wá fẹ́ sọ di owó. Ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí jù.

Ọkùnrin kan wà tí mo mọ̀, ọmọ Kétu ni. Ó ṣiṣẹ́ ní Gabon títí, nígbà tó sì padà dé, ó ní òun fẹ́ ra ilé sí Àjàṣẹ́ kí àwọn ọmọ òun lè máa lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀. Démarcheur mú un lọ wo ilé kan: yàrá mẹ́fà, kànga nínú àgbàlá, kò jìnnà sí títì. Dáwódù ilé náà gbà á lálejò, ó ní òun ni olórí ẹbí báyìí, àwọn àbúrò òun sì ti gbà kí àwọn tà á. Lóòótọ́, àbúrò méjì, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, fọwọ́ sí ìwé lójú rẹ̀. Wọ́n kọ convention de vente, olórí àdúgbò lu òǹtẹ̀, owó sì jáde. Nígbà tó di oṣù kẹrin, tí àwọn kunlékunlé ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, obìnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ lórí zémidjan, wọ́n ń bọ̀ láti Badagry. Wọ́n ní, "Ta ló ní kí ẹ máa kun ilé bàbá wa?" Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá wọn ló yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè rí.

Àwọn èèyàn á sọ pé olè ni dáwódù yẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ó gbà gbọ́ lóòótọ́ pé obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe bá a nílé. Òfin ìjọba Benin kò sọ bẹ́ẹ̀. Code des personnes et de la famille, ìyẹn òfin 2002-07 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, fi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sí ipò kan náà nínú ogún. Ì báà jẹ́ Lagos ló ti ń gbé, ì báà jẹ́ pé ó ti di ìyá àgbà nílé ọkọ, ìpín rẹ̀ dúró. Ọmọ tí bàbá bí síta, tó sì jẹ́wọ́ pé òun ló ni ín, ó wà níbẹ̀. Opó tí ìgbéyàwó rẹ̀ bá òfin mu, òun náà ní ìpín tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá sì ti kú, àwọn ọmọ tirẹ̀ ló máa dúró sípò rẹ̀.

Títí dìgbà tí wọ́n bá pín ogún, gbogbo wọn ló jọ ni ilé náà. Ohun tí àwọn notaire ń pè ní indivision nìyẹn. Dáwódù lè máa bójú tó o, ó lè máa gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, àmọ́ kò lè dá a tà. Tó bá dá a tà, ẹni tí wọn kò bi léèrè lè gba ilé-ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé títà náà. Ilé á padà sọ́wọ́ ẹbí. Owó ńkọ́? Ẹ lọ wá a lọ́wọ́ dáwódù, tó bá ṣì kù nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "Èló ni?" Ẹ bi wọ́n pé, "Ọmọ mélòó ni bàbá bí?" Ẹ má sì bi dáwódù nìkan. Ẹ bi àwọn tí ilé wọn fara ti ilé náà. Ìyá àgbà tó ti ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà yẹn láti ogún ọdún mọ iye ìyàwó tí bàbá fẹ́ ju bí àwọn ọmọ ṣe máa sọ fún yín lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé wá. Ẹ gba acte de décès bàbá, kí ẹ wá gba procès-verbal conseil de famille, ìyẹn ìwé ìpàdé ẹbí tó to orúkọ gbogbo àwọn ajogún lẹ́sẹẹsẹ, tó sì sọ ẹni tí wọ́n yàn láti ṣojú wọn. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ ti dé tribunal kí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní homologation nìyẹn. Èyí tí wọ́n kàn kọ sínú káyé nílé, tí wọ́n tẹ ìka sí, kò tó.

Kódà tí wọ́n bá ti yan ẹnì kan, ẹ ṣì ní kí gbogbo wọn fọwọ́ sí títà náà fúnra wọn. Ẹni tó wà ní Abidjan tàbí Libreville lè ṣe procuration lọ́dọ̀ notaire tàbí ní consulat Benin tó wà níbẹ̀. Ohùn orí WhatsApp pé "Ẹ máa tà á, mo ti gbà" kì í ṣe procuration. Tí ọmọ kékeré bá sì wà láàárín àwọn ajogún, ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kàn lè fọwọ́ sí i fún un bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fún wọn láṣẹ kọ́kọ́. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lóòótọ́. Démarcheur á máa sọ pé ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Kí ẹni yẹn máa bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kàn yín náà, torí bí títà bá bàjẹ́, ẹ̀yin ni olùrà máa pè lẹ́jọ́. Ẹ pe ìpàdé kí ẹ tó pe démarcheur. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jìnnà jù gbọ́ ṣáájú ẹni tó wà nítòsí. Kí ẹ sì fẹnu kò lórí bí ẹ ṣe máa pín owó nígbà tí owó kò tíì dé. Mo ti rí ọmọ ìyá tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, kì í ṣe nítorí pé wọ́n ta ilé, bí kò ṣe pé ọ̀kan gba owó náà sọ́wọ́, ó ní òun fi ṣe òkú bàbá, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tó ná. Tí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ notaire kọjá, owó lè kọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, kó wá fún oníkálukú ní ìpín tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé.

Bí ẹnì kan bá sì ní òun kò gbà láé, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ wá máa bẹ Ọlọ́run pé kó má gbọ́. Ẹ lè ra ìpín rẹ̀, tàbí kí òun ra tiyín. Ilé-ẹjọ́ náà lè pàṣẹ pé kí wọ́n pín in, torí òfin kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni pé kó wà nínú àjọni títí ayé.

Nǹkan kan wà tí kì í sí nínú ìwé, tó sì jẹ́ pé nínú àwọn ilé àtijọ́ wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀, òun ló máa ń le jù: àwọn òkú tó wà nínú ilé. Bàbá àgbà wà nínú yàrá kejì, ìyá àgbà wà ní ìdí ògiri. Nínú ilé mìíràn, ojúbọ òrìṣà wà nínú àgbàlá, tàbí kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni egúngún ìdílé ti ń jáde. Olùrà, ẹ béèrè tààrà pé, "Ta ni ẹ sin síbí?" Kò sí àrífín nínú ìbéèrè yẹn. Olùtà, ẹ má fi pa mọ́. Ṣé ẹ máa hú wọn lọ sí ibòmíràn ni? Ta ni yóò san owó ètùtù? Ṣé ẹbí á ṣì máa wá lọ́dọọdún láti ṣe ìrántí? Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ mọ́ ìwé títà. Mo mọ ilé kan tí olùrà fi síméńtì bo ojú oórì láìbi ẹnikẹ́ni. Ìjà tó tìdí ẹ̀ yọ kò ní orúkọ lọ́dọ̀ notaire.

Wàyí o, ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ti jáde, tí wọ́n sì tún àwọn apá kan ṣe nínú rẹ̀ ní ọdún 2017, ìwé kan ṣoṣo ló fìdí ẹ̀tọ́ oníǹkan múlẹ̀ pátápátá: titre foncier. ANDF, Agence nationale du domaine et du foncier, ló ń fún ni. Àwọn ìwé yòókù tí a mọ̀, attestation de recasement, attestation de détention coutumière, avis d'imposition, convention de vente, wọ́n wúlò, torí wọ́n jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni náà wà lórí ilẹ̀ yẹn, orí wọn la sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá titre foncier. Àmọ́ ẹlòmíì lè mú ìwé tirẹ̀ wá láti bá a jà. Òǹtẹ̀ olórí àdúgbò kò sọ convention di titre foncier, bó ti wù kó tóbi tó.

Tí wọ́n bá ní titre foncier wà, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ lọ wádìí lọ́dọ̀ ANDF: orúkọ ta ló wà nínú rẹ̀, ṣé báńkì ti fi í ṣe ìdúró fún gbèsè? Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé orúkọ bàbá tó ti kú ló ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà sí orúkọ tiwọn. Ilẹ̀ tó sì ní titre foncier, ọ̀dọ̀ notaire ni wọ́n ti ń tà á, kì í ṣe abẹ́ igi.

Ní àdúgbò tí wọn kò tíì ṣe lotissement, ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n. Parcelle tí a mọ̀ jẹ́ 500 mítà onígun mẹ́rin, mítà 20 sí 25. Nígbà tí lotissement bá dé, wọ́n máa ń gé nínú ilẹ̀ oníkálukú fún títì, ilé-ìwé àti ọjà, wọ́n sì lè gbé ẹ lọ sí ibòmíràn. Ohun tí ẹ rà kọ́ lẹ máa bá lọ́wọ́ mọ́. Ẹ mú géomètre-expert tiyín lọ, kì í ṣe ti olùtà, kó wo àwọn bọ́ọ̀nù, kó wọn ilẹ̀ náà. Kí ẹ sì lọ wo ilé náà nígbà òjò. Ní ìhà Àjàṣẹ́, oṣù kẹfà àti oṣù kẹwàá á sọ fún yín bí omi ṣe ń wọlé, ohun tí ọ̀dà tuntun bò mọ́lẹ̀ ní oṣù kìíní á hàn.

Owó: ẹ gba báńkì tàbí notaire kọjá. Kí iye tí ẹ san gan-an wà nínú ìwé. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ jẹ́ kí a kọ ìlàjì kí ìnáwó má baà pọ̀. Bí ilé-ẹjọ́ bá fagi lé títà náà, ìlàjì yẹn lẹ máa rí gbà. Olùtà, ẹ má fi ojúlówó ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́ démarcheur. Photocopie ti tó fún un. Ẹni tó bá sì ta ilẹ̀ kan náà fún èèyàn méjì, stellionat ni, ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ẹbí wa tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà: òfin Benin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú ra ilẹ̀ oko. Ti inú ìlú ṣeé ṣe, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè bá ṣe wà. Kí ẹ fi orúkọ ìbátan rà á, kí ẹ máa rò pé tiyín ni, ìyẹn léwu: lójú òfin, ìbátan yẹn ló ni ín, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì máa jogún rẹ̀. Àwọn ará wa ní Togo ní òfin tiwọn, 2018-005 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2018, nítorí náà kí wọ́n bi notaire ti ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ará Kétu ṣì wà nínú ilé náà. Àwọn àgbà ló bá wọn dá sí i kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé-ẹjọ́. Àwọn obìnrin méjèèjì gbà pé kó má jáde, àmọ́ kó san ìpín tiwọn, èyí tí dáwódù ti ná. Ó ń san án díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, Badagry ló sì máa ń gbé e lọ fúnra rẹ̀. Yàrá méjì tó wà níwájú nìkan ló rí owó kùn tán.